Wọ́n ní kí n wá bá wọn dán áàpù tuntun wò: ṣé kí n gbà?

*Ìbéèrè:* Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàrígà ni mò ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mi ò fojú ríran láti kékeré. TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù Android fún afọ́jú, ni mo fi ń lo fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Yábàá ń ṣe áàpù tí àwọn èèyàn á máa fi dá àjọ. Kò tíì jáde. Wọ́n ní kí n wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò sì sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní iye èèyàn ni wọ́n ń wá, pé ọ̀rọ̀ afọ́jú ò kàn wọ́n. Òmíràn ní kí n tètè gbà á, pé àǹfààní ni. Fóònù kan ṣoṣo ni mo ní, orí rẹ̀ náà ni báǹkì mi wà. Ṣé kí n gbà? Bí mo bá sì gbà, kí gan-an ni wọ́n ń pè ní "dán an wò"? Kí ni kí n máa wá?

* * *

Gbà á, àbúrò. Ṣùgbọ́n má gbà á sórí fóònù tí owó rẹ wà, má sì gbà á láìkọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní iye èèyàn ni wọ́n ń wá kò parọ́. Òfin kan wà lọ́dọ̀ Google Play: ẹni tó bá ṣí àkáǹtì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2023 kò lè gbé áàpù síta fún gbogbo ayé àfi tó bá rí àwọn èèyàn tí yóò forúkọ sílẹ̀ láti dán an wò, tí wọn ò sì ní yọ orúkọ wọn fún ọjọ́ 14 gbáko. Èèyàn 20 ni òfin náà kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 12 ní ìparí 2024. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dá fún ọ yẹn, ó jọ pé ibẹ̀ ló ti wá. Ìyẹn ò sọ wọ́n di èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fẹ́ orúkọ rẹ nìkan, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ gan-an ni ohun tó níye lórí jù tí o fẹ́ gbé lọ bá wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ni nínú yín ló ti fi TalkBack ṣí áàpù yìí rí, ibo ló sì bá a dé? Ìkejì: bí mo bá rí àléébù, ta ni kí n sọ fún, ọjọ́ mélòó ni yóò fi dá mi lóhùn? Bí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó fi TalkBack ṣí i rí, ìyẹn ò burú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre.

Ní ti fóònù: wá tọ́kùnbọ̀ kan. Bí o bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, béèrè èyí tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí kò gbé àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ń gbọ́ ìka. Owó kékeré ni wọ́n máa ń ta irú rẹ̀ nítorí kò wúlò fún ẹni tó ń ríran mọ́. Fún ìwọ àti èmi, kò sí ohun tó ṣe é. Kí o tó sanwó, tẹ bọ́tìnì ohùn méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí o gbọ́ bóyá TalkBack á jí, kí o sì fi ìka gbá gbogbo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o mọ̀ pé kò sí ibi tó ti kú. Mi ò ní kí o máa jẹ gbèsè nítorí wọn o. Bí o kò bá rí rà, ní kí wọ́n yá ọ ní ọ̀kan. Ó kéré jù nínú ohun tí wọ́n lè ṣe.

* * *

Àwọn kan nínú wa ò fara mọ́ ọn pé kí a máa dán ohun tí kò tíì parí wò. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé kí àwọn tó ń kọ áàpù parí iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó gbé e wá, pé kí ló dé tó jẹ́ oúnjẹ tí kò jinná ni wọ́n máa ń gbé síwájú afọ́jú. Mo mọ ibi tó ti ń dun àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún wọn.

Ẹ wo bíríkìlà. Kí ó tó rẹ́ ògiri ló ti ń gbẹ́ ibi tí páìpù yóò gbà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, tí wọ́n kùn ún, ẹni tó bá ní kí wọ́n tún la ògiri náà, ọ̀tá ló dà lójú onílé.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé oúnjẹ kiri pè mí nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣí áàpù wọn. Pátákó ti wà lójú títì. Gbogbo oúnjẹ inú áàpù náà àwòrán ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn àwòrán tí fóònù lè kà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní yóò wà nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí mo bá ṣí áàpù yẹn, mi ò mọ ìrẹsì yàtọ̀ sí ẹ̀bà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkọkà gbé tiwọn wá nígbà tó jẹ́ ojú-ewé mẹ́ta péré ló ní. Kò tíì lè ṣe ohunkóhun. Ìrọ̀lẹ́ kan la fi bá a jà. Nígbà tí wọ́n fi dé ojú-ewé kẹwàá, mi ò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ mọ́, nítorí fífi orúkọ sí bọ́tìnì ti mọ́ wọn lára bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ohun tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún wa gan-an, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Michael Curran tó bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Ọsirélíà ní 2006, afọ́jú ni. James Teh tí wọ́n jọ dá NV Access, àjọ tó ń ṣe NVDA, sílẹ̀ ní 2007, afọ́jú ni. Ted Henter tó ṣe JAWS, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1989 nígbà tí DOS ṣì wà lóde, eléré ìje alùpùpù ni kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ ní 1978. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó káwọ́ gbera kí olójú wá bá a parí rẹ̀. Títí di òní, kí ẹ̀dà NVDA kan tó jáde, beta rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń dán wò, á ti kọ́kọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe òun, ó ń ní kí wọ́n ṣe é láìsí òun níbẹ̀.

* * *

Ìbéèrè rẹ kejì, kí ni wọ́n ń pè ní "dán an wò". Jẹ́ kí n mú ọ lọ sí yàrá kan ní Yábàá, kò jìnnà sí òpópónà Herbert Macaulay.

Mo gba fóònù, mo fa ìka sí ọ̀tún. Ó ní, "Unlabelled, button," ìyẹn bọ́tìnì tí kò lórúkọ. Mo tún fà á. "Unlabelled, button." Ẹ̀ẹ̀kẹta: "ic underscore cart, button." Ọmọkùnrin tó kọ áàpù náà jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti àkọ́kọ́ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń wá ọjà ni. Ìkejì, ibi tí ẹ ti máa rí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín." Mo ní, "Ìwọ lo mọ̀. Fóònù ò mọ̀." Mo ní kó tan TalkBack sí fóònù tirẹ̀, kó mú ojú fóònù náà ṣókùnkùn, kó wá ra ohun kan ṣoṣo nínú áàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó fa ìka lọ, ó fà á bọ̀. A ń gbọ́ ọ, "button, button, button." Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ íápíìsì létí, kò sì sọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi orúkọ sí gbogbo bọ́tìnì ojú-ewé yẹn. Lórí Android, contentDescription ni wọ́n ń kọ ọ́ sí; lórí wẹ́ẹ̀bù, alt ni ti àwòrán, aria-label sì ń ṣe é fún bọ́tìnì tí kò ní ọ̀rọ̀ lójú. Ìlà kan péré ni.

Orúkọ bọ́tìnì ló rọrùn jù láti rí, nítorí náà má dúró síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí etí rẹ máa ṣọ́ jù ni ibi tí ohùn bá bọ́ sí lẹ́yìn tí o bá ti tẹ nǹkan. O tẹ "Tẹ̀síwájú". Ṣé ojú-ewé tuntun ló kà fún ọ, àbí ó dákẹ́, tí ìwọ náà dúró, tí o ò mọ̀ bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀? Bí o bá kọ nǹkan tí kò tọ́ ńkọ́? Olójú á rí i pé ibẹ̀ ti pọ́n. Bí fóònù ò bá sọ ọ́, wàá máa tẹ bọ́tìnì kan náà, wàá máa tẹ̀ ẹ́, wàá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bí o bá padà sẹ́yìn, ṣé ibi tí o ti kúrò lo bá ara rẹ, àbí òkè pátápátá, tí wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìka la orúkọ ogójì kọjá?

Nígbà tí o bá rí i, má kọ "áàpù yín ò dáa fún afọ́jú". Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe. Báyìí ni kí o kọ ọ́: "Android 13, ẹ̀dà áàpù 0.4. Mo wọ ibi Dá Àjọ, mo kọ 5000 síbi iye owó, mo tẹ Tẹ̀síwájú. Mo retí pé ojú-ewé tó kàn á ṣí. TalkBack ò sọ nǹkan kan. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló dákẹ́. Nígbà tí mo fi ìka wá òkè kiri, mo bá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ pé iye tó kéré jù ni 10,000." Ẹni tó bá gba ìyẹn kò ní ohun tó tún fẹ́ bi ọ́. Bí o bá ní fóònù kejì lọ́wọ́, gba ohùn TalkBack sílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọn ò lè jiyàn pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ń lò: ẹ má fi beta NVDA lé orí èyí tí ẹ ń fi ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní portable sínú fáìlì mìíràn tàbí sórí flash, kí ti iṣẹ́ yín wà láìfọwọ́kàn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, bọ́tìnì NVDA (Insert ló sábà máa ń jẹ́) pọ̀ mọ́ F1 á ṣí àkọsílẹ̀ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ fún yín, ẹ lè fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kà á ná. Bí ẹ bá ti gbé àkọsílẹ̀ yẹn sí ìpele tó ń kọ gbogbo ohun tó wọlé àti èyí tó jáde, gbogbo bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà yín ò yọ sílẹ̀.

* * *

"Mo ní Accessibility Scanner, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, mi ò nílò ẹnikẹ́ni."

Ẹni tó ń kọ áàpù ló sọ èyí, mo sì dúpẹ́ pé ó tilẹ̀ lò ó. Irinṣẹ́ Google yẹn, tó ń wá àléébù nínú áàpù, á rí bọ́tìnì tí kò lórúkọ, á rí èyí tó kéré ju 48dp lọ (dp ni wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù Android), á rí ọ̀rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ò yàtọ̀ tó 4.5 sí 1. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ "Bọ́tìnì 1, Bọ́tìnì 2, Bọ́tìnì 3" sára wọn, yóò ní ó dára. Kọ́kọ́ lò ó kí o tó pè mí, kí n má lọ fi ọ̀sán mi wá ohun tí ẹ̀rọ lè rí. Lẹ́yìn náà, pè mí.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn.

Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè wá láti dán nǹkan wò ló dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn wà ní títì, wọ́n bu omi tútù fún wa. Bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa ló ń lo fóònù nírú ibẹ̀? Abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba ni mo ti ń sanwó ọkọ̀. Òyìngbò ni mo ti ń ra iṣu. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ń bú ní ìhín, kọ̀ńdọ́ ń pe "Yábàá, Yábàá, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" ní ọ̀hún. TalkBack ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ ní kí n fi íápíìsì sí i? Bí mo bá dí etí mi méjèèjì létí títì, kí ni mo fẹ́ fi gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi? Etí kan ni mo máa ń fi sí, ìkejì ni mo fi ń ṣọ́ ọ̀nà.

Nítorí náà, bí áàpù kan bá sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì gbé e kúrò, a kò gbọ́ ọ nìyẹn. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ojú fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó sì pòórá, àwọn tó ń kọ áàpù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. "Owó ti lọ." Ó ti pòórá. Ṣé ó lọ, àbí kò lọ? Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ san? Bákan náà ni nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tó sì ń kú kí n tó kúrò nínú áàpù kan bọ́ sínú èkejì. Àwọn kan ní kí a kúkú padà sídìí USSD. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Kí TalkBack tó ka nọ́ńbà 1 dé 7 tán, àkókò ti tán, wọ́n ti já mi kúrò.

Àbúrò, bí o bá ti dán áàpù wọn wò nínú ilé, gbé e lọ sí ọjà. Dán an wò nínú dáńfó. Kọ ìyẹn náà sínú ohun tí o fẹ́ fi ránṣẹ́.

* * *

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Muṣin. Glaucoma, àrùn ojú kan, ló gba ojú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo TalkBack. Ìka kan ló mọ̀: fà á sí ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé áàpù kan fún màmá, èyí tí èmi ti sọ fún àwọn tó ni ín pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀. Màmá ò kọjá ojú-ewé kejì. Bọ́tìnì "Gbà bẹ́ẹ̀" wà lábẹ́ ìwé àdéhùn gígùn kan. Èmi ò tilẹ̀ rántí pé ìwé náà wà níbẹ̀, nítorí mo ti fi ìka fo gbogbo rẹ̀ kọjá sí ìsàlẹ̀ láìmọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ń gbọ́ ọ ní gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n rò pé àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tán ni.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ọgbọ́n mi ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, á sì gbà á kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú ọ̀nà ti dí. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ fún ilé-iṣẹ́ pé afọ́jú kan tó mọṣẹ́ ti tó. Kò tó. Ẹ pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ pe ẹni tó ṣì ń ríran díẹ̀, tó jẹ́ pé ńṣe ló sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ńlá. Ẹ gbé lẹ́tà náà dé ìlọ́po méjì kí ẹ wò bóyá bọ́tìnì ò ní wọnú ara wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ èdè wa. Wọ́n kọ áàpù kan ní Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Inú mi dùn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù mi fo lẹ́tà kan, ó pe òmíràn bí ẹni tó jẹ nǹkan gbígbóná sẹ́nu. Mi ò mọ̀ bóyá owó ni wọ́n wí àbí ọwọ́.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó kọ ọ́. Nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó fi àmì òkè lé e. Ohùn tí wọn ò kọ́ ní irú èyí á dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tàbí kó fò wọ́n.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò kí ó lè rọrùn fún wa. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ọ́ ní orúkọ wa pé kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́. Ẹni tó ń fojú kà á nílò àmì, èdè náà nílò rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú áàpù pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí, kí fóònù tó bá ní ohùn Yorùbá lè lò ó. Kí wọ́n jẹ́ kí a lè yí èdè padà nínú áàpù láìyí ti gbogbo fóònù. Fún áàpù àjọ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún lọ, kí ló dé tí ẹnì kan ò fi jókòó, kó fi ohùn ara rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?

* * *

Owó. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́.

Àwọn àgbà kan nínú wa, tó jẹ́ pé Braille ni wọ́n fi ikọ̀wé onírin gún lórí bébà ní iléèwé Pacelli ní Sùúrùlérè, tàbí tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní ibùdó àwọn afọ́jú ní Òṣòdì, máa ń sọ pé kí a má béèrè owó, kí wọ́n má baà sá fún wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ojú wọn ti rí ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń pè wá rárá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, bíi NVDA, mo ń dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, n óò sì máa ṣe é lọ, nítorí tiwa ni. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi áàpù pa owó, tó ń sanwó fún ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, tó ń sanwó fún ẹni tó ń gbá ilẹ̀ yàrá tí a jókòó sí, kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ tèmi nìkan ni yóò jẹ́ ọ̀fẹ́? Mo jókòó fún wákàtí mẹ́rin. Dátà mi ni, owó ọkọ̀ mi ni.

Bí owó ò bá tíì sí lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, mo máa ń gba owó ọkọ̀ àti dátà, kí wọ́n sì kọ ìwé fún mi pé mo ṣe iṣẹ́ náà, kí n lè fi hàn níbòmíràn. Mi ò gba "Ọlọ́run á san án fún yín" nìkan. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó dáàbò bo àwọn abirùn ti wà láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti 2018 gba ìfọwọ́sí ní oṣù kìíní 2019. Mi ò ní kí o fi òfin halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ Yábàá. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ bí o bá wọlé síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ lo bá wọlé.

Ohun kan tún wà tó so mọ́ owó. Ẹni tí wọ́n ṣàánú fún kì í lè sọ̀rọ̀. Mo ti wà nínú yàrá tí wọ́n ti fún wa ní jọ́lọ́ọ̀fù, tí wọ́n ya fọ́tò wa, tí ẹni mẹ́fà nínú wa sì sọ pé áàpù náà dára gan-an. Kò dára. Gbogbo wa la mọ̀. A jáde síta, a sọ ọ́ fún ara wa ní ibùdókọ̀.

* * *

Ẹnì kan béèrè nípa PIN, pé ṣé kó kọ ti báǹkì rẹ̀ gan-an sínú áàpù tí kò tíì jáde. Rárá o. Wọ́n ní láti ṣe àkáǹtì àwúrúju fún ọ, pẹ̀lú owó tí kì í ṣe owó. Bí wọ́n bá ní kò sí, má dán apá yẹn wò.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń tẹ PIN gan-an, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn kan máa ń da nọ́ńbà rú nítorí olè, kí 1 má wà níbi tí 1 máa ń wà. Olójú á wò ó. Tiwa, bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ìrìn-àjò parí sí. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ ketekete nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tó jókòó tì ọ́ ti mọ PIN rẹ. Bọ́tìnì Braille alámì mẹ́fà tó wọ inú TalkBack ní 2020 ń ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀, ìka mi ń tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé mò ń fi etí wá nọ́ńbà kiri. Ṣùgbọ́n áàpù tó bá fi bọ́tìnì nọ́ńbà tara rẹ̀ dípò ti fóònù kò ní jẹ́ kí n lò ó. Àwọn áàpù kan tún wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé TalkBack wà ní títàn, wọ́n á ní olè ni, wọn ò ní ṣí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yábàá bóyá wọ́n ní irú èrò bẹ́ẹ̀, kí o béèrè rẹ̀ nísinsìnyí.

* * *

Àbúrò wa ti padà dé. Ó lọ, wọ́n yá a ní fóònù, wọ́n gbà láti máa san owó ọkọ̀ àti dátà. Ó rí nǹkan 11, wọ́n tún 7 ṣe láàárín ọjọ́ márùn-ún. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnì ìwọlé tí wọ́n ti tún ṣe nínú 0.5 tún ti yadi nínú 0.6 tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, pé ojú ń ti òun láti tún kọ ohun kan náà sí wọn, kí wọ́n má baà ní òun ń yọ àwọn lẹ́nu.

Kọ ọ́ sí wọn, kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ohun tí o rí yìí gan-an ló ṣòro jù fún wọn láti rí, nítorí lójú tiwọn, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Sọ pé ó ń sọ̀rọ̀ nínú 0.5, ó dákẹ́ nínú 0.6, ohun tí wọ́n yí padà láàárín méjèèjì ni kí wọ́n lọ wò. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ̀dà tuntun bá ti dé, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, títí kan ibi tí o ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe mẹ́rin tó kù pẹ̀lú. Bí o bá ṣì ní ohùn TalkBack tí o gbà sílẹ̀ lórí 0.5, gba ti 0.6 náà, fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n gbọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.